Mo Wa Ọkọ̀ Tó Ń Gbọ̀n Lọ sí Ìgàndò

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo wa ọkọ̀ tí olóògbé ọkọ mi fi sílẹ̀ kúrò ní Ayọ̀bọ̀, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń gbọ̀n débi pé eyín òkè mi ń lu tìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní gíà rẹ̀ ti kú, kí a tà á, òun sì ti rí ẹni tí yóò wá gbé e lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mẹkáníìkì òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbà. Ọkọ̀ yìí ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá tà á, a ti di ẹlẹ́sẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ kò láàánú ẹnikẹ́ni. Ní Ìpájà, àwọn aláṣọ funfun ń ti ìṣọ́ òru bọ̀ láìwọ bàtà, wọ́n yà fún mi. Ìyànà Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìkọ̀tún: níbikíbi tí mo bá ti dúró, ọkọ̀ á gbọ̀n, bí mo bá yọ gíà sí fíríì, á rọlẹ̀. Mo ń fi í sọ́kàn. Gíà tó ti kú kì í gbé ènìyàn dé Ìkọ̀tún.

Òórùn ààtàn ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí Ìgàndò. Mẹkáníìkì tí ọ̀rẹ́ mi júwe fún mi tẹ́tí sí ọkọ̀, ó ní, "Ántì, gíà ni. Ẹ lọ pe ọ̀gá wá, ká jọ sọ̀rọ̀."

"Ọ̀gá ti kú. Èmi lẹ ó bá sọ ọ́. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, mo ki gíà bọ̀ ọ́, mo rọra tẹná. Ẹ́ńjìnnì ta sókè bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

Ọkùnrin náà wò ó títí. "Síìtì ni ṣá."

Síìtì ni wọ́n ń pe rọ́bà onírin tí ẹ́ńjìnnì àti gíà jókòó lé. Òun àtàwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ fi jáàkì àti pákó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, wọ́n tú mẹ́ta lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan lábẹ́ gíà. Gbogbo rẹ̀ ló ti ya.

Nílé wa n'Ílá, mẹkáníìkì ní í lọ ra ohun tó fẹ́ lò. Níbí, ẹni tó lọ́kọ̀ ní í kó èyí tó bàjẹ́ sínú ọ̀rá, tí yóò máa gbé e wọ ìsọ̀ dé ìsọ̀ títí yóò fi rí irú rẹ̀.

"Ẹ ra ọ̀kan péré jàre," mẹkáníìkì ní. "Màá gé rọ́bà táyà há àwọn yòókù."

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Èyí tó ti gbó ni yóò pa tuntun."

Mo ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn. Mo jókòó ti ọkùnrin náà, mo ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà, ojú mi kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi dé nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn.

Mo délé ní aago méjì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àti oníbàárà rẹ̀ ti dúró lẹ́nu géètì. Ojú ọ̀nà ló ti yé mi pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ ló mọ ibi tó ti ń dùn ún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ opó.

"Ìyàwó, ibo lo gbé e lọ?" ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí. "Ó dáa, ṣáná sí i, kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n."

"Bọ̀dá, n ò tíì pa á látìgbà tí mo ti dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún kúrò lẹ́nu géètì, mo fẹ́ wọlé."