Ọjọ́ Tí Mo Túfọ̀ Màmá Mi ní Kérésìmesì

Ọyẹ́ ti là mí ní ètè ní Kérésìmesì tí mò ń wí yìí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí n sinmi ọ̀rọ̀ sísọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé ni, kò tíì pé oṣù mẹ́ta, mo sì wà ní àkókò tí ènìyàn máa ń rò pé gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe nílé òun ló nílò àtúnṣe. Ọdún Kérésìmesì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní àwọn oníṣòwò ti gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sórí Wásáàpù ẹbí pé kò sí ẹ̀bùn, kò sí aṣọ tuntun, kò sí iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì sí oúnjẹ tí a ń gbé kiri àdúgbò mọ́. Àbúrò mi obìnrin dáhùn pé ta ló kó gbogbo ìnáwó bẹ́ẹ̀ wọlé tẹ́lẹ̀? Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo ra iná. Èmi náà ni mo dé fìlà pupa Bàbá Kérésì fún màmá wa nínú oòrùn ọ̀sán lọ́dún tó ṣáájú, tí mo ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín kí n ya fọ́tò. Mo pa ọ̀rọ̀ àbúrò mi rẹ́, nítorí èmi ni alábòójútó ibẹ̀.

Màmá wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé ní abúlé wa, lẹ́yìn Mọníyà. Nígbà tí mo ṣàlàyé òfin tuntun náà fún wọn, wọ́n ní ó dára, àmọ́ kí n yọ abọ́ Àlàájà sílẹ̀. Mo ní òfin kì í yọ ẹnì kan sílẹ̀. Wọn ò bá mi jiyàn. Láàárọ̀ ọdún, wọ́n gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, èmi sì dúró láti to ilé.

Àlàájà ni ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ wọn, ilé wọn kọjú sí tiwa. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni abọ́ tánganran onídèérí kan ti ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn. Bí Iléyá bá dé, ẹran ló máa ń gbé wá sílé wa. Yóò dúró lórí pẹpẹ títí di Kérésìmesì, kó tó gbé ìrẹsì àti adìẹ padà. Lójú tèmi, ẹrù ẹlẹ́rù tó ń gbàyè ni. Mo fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ, mo sì gbé e sọdá títì.

Àlàájà ń bó ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n kí mi kú ọdún, wọ́n ṣí abọ́. Wọ́n wo inú rẹ̀ pẹ́.

“Ṣé ìyá ẹ ló rán ẹ?”

“Rárá, Àlàájà. Èmi ni mò ń to ilé, mo ní kí n dá nǹkan oníǹkan padà.”

Wọ́n ká ọwọ́ méjèèjì lérí. Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Kí n tó ṣẹ́jú, ilé ti tú síta, àwọn ọlọ́kadà abẹ́ máńgòrò ti pa máṣíìnì wọn. Obìnrin kan dì mọ́ mi, ó ní kí n mọ́kàn le. Ọkùnrin kan bi mí bóyá a ti gbé wọn lọ sí mọ́ṣúárì.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Èmi tí mo ti ń gbé nílé ìwé kiri láti kékeré kò mọ̀ pé lábúlé wa, irú abọ́ bẹ́ẹ̀ kì í padà ní òfìfo, àfi bí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì bá kú. Ọmọ olóògbé ni yóò fọ̀ ọ́, tí yóò dá a padà. Mo pariwo pé màmá wa wà láàyè, wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èrò ní ìbànújẹ́ ti dà mí lórí rú.

Màmá wa dé tàwọn ti Bíbélì lábẹ́ abíyá. Wọ́n ń bèèrè pé ta ló kú. Ẹnì kan sá wọnú oko. Àlàájà fọwọ́ kàn wọ́n lójú, wọ́n fọwọ́ kàn wọ́n léjìká, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rò pé ẹkún ti parí. Ó tún wá le jù ti àkọ́kọ́ lọ.

“Tíṣà, bí o bá wà láàyè, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́ tí abọ́ fi padà lófìfo?”

Màmá wa kò wo ibi tí mo dúró sí. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé odidi ìkòkò ìrẹsì kan jáde, èyí tí wọ́n ti yọ́ sè láti ìdájí láìjẹ́ kí n mọ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀ síwájú Àlàájà, àwọn méjèèjì sì jẹun nínú ìkòkò náà lójú gbogbo àwọn tó wá kẹ́dùn. Lálẹ́, màmá wa ní àwọn ti rí ẹni tí yóò sunkún àwọn, èmi nìkan ni ojú mi gbẹ. Mo ní mo mọ̀ pé wọn ò kú ni. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Ọdún ti gorí ọdún. A ò ra iná mọ́, a ò sì ra fìlà. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá dé abúlé tí mo kí Àlàájà, wọn kì í tètè jẹ́ mi lóhùn. Wọ́n á kọ́kọ́ kígbe pe Tíṣà sódì kejì títì. Ìgbà tí màmá wa bá dáhùn ni wọ́n tó máa ń ní kí n jókòó.