Ìyá Ẹlẹ́kún Ọjà Agoè

Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá bi ní ọjà Agoè ní Lomé pé níbo ni Ìyá Ẹlẹ́kún wà, yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó nawọ́ sí ibi tí wọ́n to korobá pupa àti bútà aláwọ̀ ewé sí. Ẹ ó bá obìnrin kan níbẹ̀ tó sanra díẹ̀, tó ní èjí, tó ń pa oníbàárà lẹ́rìn-ín. Fàdílátù lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Hàrúnà ọkọ rẹ̀ ló mú un wá sí Lomé nígbà tó ṣì wà ní ìyàwó ọ̀ṣìngín, ibẹ̀ náà ló sì bí Modúpẹ́ àti Adérónkẹ́ sí. Ẹ lè jókòó tì í láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ ò ní rí omijé lójú rẹ̀. Kí wá ló dé tí wọ́n ń pè é ní Ẹlẹ́kún? Ẹ fara balẹ̀, mò ń bọ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ulrich, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ya fídíò fún àwọn olórin, èyí tí gbogbo Lomé ń pè ní klíìpù. Lọ́jọ́ kan, ó kó kámẹ́rà àti èrò wá sí iwájú ìsọ̀ Fàdílátù. Obìnrin tó bẹ̀ lọ́wẹ̀ pé kó wá ṣe ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú, ẹkún ò wá fún un. Wọ́n fi àlùbọ́sà sí i lójú, ó ń sín. Fàdílátù wò ó títí, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin ará mi, ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń sunkún ọmọ?” Ló bá já gèlè sílẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó figbe ta: “Ọmọ mi o!” Omijé ń dà pòròpòrò. Àwọn aláta fi ata sílẹ̀, wọ́n sáré wá, wọ́n rò pé ẹnì kan kú lóòótọ́. Nígbà tó ṣe tán, ó fi etí ìró nu ojú, ó yíjú sí oníbàárà tó ti ń dúró dè é. Ó ní, “Bútà ńlá lẹ fẹ́ ni, àbí kékeré?”

Láti ọjọ́ náà, Ulrich ò wá ẹlòmíràn mọ́.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí klíìpù ṣe ń rí. Bó bá jẹ́ orin ìfẹ́, ẹ ó rí etíkun Avépozo, ẹ ó rí mọ́tò tí wọ́n yá, tí ẹni tó ni ín dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń kígbe pé kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ eléèérí wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ orin ìyìn, aṣọ funfun ni, ọwọ́ lókè, atẹ́gùn ń fẹ́ aṣọ. Bó bá wá jẹ́ orin ìbínú, orin ọjọ́ tí ìgboro gbóná, òun náà ní tirẹ̀. Táyà á máa jó, èéfín á bo títì, àwọn ọmọkùnrin á fi aṣọ di imú, wọ́n á máa sáré bí ẹni ń sáré nínú omi, ọlọ́pàá á máa lé wọn, ọ̀kan nínú wọn á ṣubú. Ìgbà yẹn ni gèlè obìnrin kan á bọ́ sílẹ̀ lójú títì, ìyá á kúnlẹ̀, á bú sẹ́kún. Ìyá yẹn ni Fàdílátù. Bí gèlè yẹn ò bá tíì bọ́, klíìpù ò tíì parí.

Ó gbádùn iṣẹ́ náà gan-an. Bó bá délé, Hàrúnà á bi í pé, “Òkú ta lo ti lọ sun lónìí?” àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ á fi tutù. Àfi ìgbà tí wàhálà dé láti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìyá tó bí Fàdílátù ṣì wà láyé. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ sì ń ríran dáadáa, ìyẹn gan-an ló fa ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ń fi klíìpù hàn án lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan, màmá pe Lomé.

“Fàdíla, ọmọ mi, wọ́n tún ti pa á?”

“Wọ́n pa ta ni, Ìyá?”

“Ọmọ rẹ ọkùnrin ni. Mo rí i láàárọ̀ yìí. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin.”

“Ìyá, obìnrin méjì péré ni mo bí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ wẹ̀ wọ́n.”

“Ìwọ lo mọ èyí tí o bí tí o ò sọ fún mi.”

Fàdílátù ṣàlàyé títí, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Eré ni, Ìyá. Wọ́n ń yà á ni, Ìyá. Ọmọ yẹn dìde lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n yà á tán, ó lọ jẹ ẹ̀wà. Màmá ní irọ́ ni. “Ta ní í fi irú ẹkún yẹn ṣeré? Èmi tí mo bí ọ, mi ò wá mọ ẹkún rẹ?” Fàdílátù tan kámẹ́rà fóònù, ó rẹ́rìn-ín kèékèé sí màmá. Màmá wò ó, ó mi orí. Ó ní ẹ̀rín kí òun lè dákẹ́ nìyẹn. Ohun tó wà nínú klíìpù tí gbogbo ayé ń wò, ìyẹn ni òun gbà gbọ́. Ó wá là á mọ́lẹ̀: bí òun ò bá rí kí ọmọ òun tújú ká níbẹ̀ kí oṣù tó parí, Sàkáríyà ń bọ̀ wá mú un relé.

Sàkáríyà ni ẹ̀gbọ́n Fàdílátù. Bí Ìyá bá ní kó lọ gbé òkúta wá láti Àgbádárìgì, á lọ. Ẹ̀rù ba Fàdílátù, kí n má purọ́ fún yín. Ọjà rẹ̀ ń bẹ ní Lomé, ọkọ rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, gbogbo ọ̀rẹ́ tó ní ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá ẹni, arúgbó, bá ránṣẹ́ pé kí ọmọ òun wá, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ la ẹnu sọ pé rárá? Oorun ò kun ojú rẹ̀ mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀.

Ló bá tọ Ulrich lọ. Ulrich ń múra láti ya orin kan fún Rachelle, ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn, tó kọ orin nípa ọjọ́ tí ìgboro gbóná.

“Ulrich, lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín.”

“Áà, Màmá! Orin ìbínú ni o. Ìyá kì í rẹ́rìn-ín nínú orin ìbínú.”

“Ta ló ṣòfin ẹ̀?”

“Kò sẹ́ni tó ṣòfin. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín, àwọn èèyàn á ní à ń fi ìyà wọn ṣe yẹ̀yẹ́.”

Rachelle kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó bá òun sun èyí ná, bí òun bá ti fẹ́ ṣe orin ìfẹ́, ẹ̀rín ni kó máa rín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Fàdílátù bi í pé ìgbà wo nìyẹn. Rachelle ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀! Sàkáríyà á ti gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́, á ti máa ta bútà níwájú mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Ṣùgbọ́n Fàdílátù ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún ọmọ tó kúnlẹ̀. Ó gbà.

Títì kan ní ẹ̀yìn Agoè, tí kò ní ọ̀dà, tí géètì ilé wà lọ́tùn-ún lósì, ni wọ́n ti fẹ́ yà á. Ulrich ṣe ohun tó yẹ o. Ó sọ fún àwọn ọlọ́pàá, ó sọ fún olórí àdúgbò. Olórí àdúgbò pe àwọn ọkùnrin ilé gbogbo jọ, ó sọ fún wọn pé ní ọ̀sán Sátidé, eré ni ẹ ó rí, kí ẹ má bẹ̀rù. Àwọn ọkùnrin ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n lọ sílé, wọ́n jẹun, wọ́n sùn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rántí sọ fún ìyàwó tàbí ìyá rẹ̀. Ẹ má bi mí pé kí ló dé, ẹ lọ bi àwọn ọkùnrin.

Ọ̀sán Sátidé pé. Olórí àdúgbò ò gbà kí wọ́n sun táyà, nítorí náà koríko tútù ni wọ́n fi sínú àgbá tí wọ́n tiná bọ̀, wọ́n wá gbé táyà kan lé e lórí fún ẹwà. Àwọn ọmọkùnrin tó ń tún alùpùpù ṣe ní ìkóríta ni wọ́n fi ṣe ọlọ́pàá, wọ́n dé akoto alùpùpù tí wọ́n kùn ní dúdú. Wálé, ọmọ Christiana aládùúgbò Fàdílátù, lẹni tó máa ṣubú. Fàdílátù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tú gèlè díẹ̀ kó lè tètè bọ́. Inú rẹ̀ bà jẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ẹkún yìí ò ní le.

Ulrich sọ ọwọ́ sílẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀, èéfín rú, àwọn ọmọ sáré, ọlọ́pàá ń lé wọn pẹ̀lú igi. Wálé ti ń wá ibi tí kò sí òkúta tó lè ṣubú sí. Fàdílátù figbe ta, “Ọmọ mi o!” ó ju gèlè, ó kúnlẹ̀.

Géètì kan ṣí gbàgà. Ìyá arúgbó kan yọ síta, kò ju ìró kan tó ró sáyà lọ, ó rá Wálé mú lọ́rùn aṣọ. “Wọlé! Wọlé kíá!” ó ń fi èdè Mínà pariwo. Géètì kejì ṣí. Géètì ọ̀tún ṣí, tòsì ṣí. Obìnrin kan fa ọmọ méjì wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òmíràn gba ọ̀kan láti ojú fèrèsé. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, títì ti dá wáí. Gbogbo géètì tún ti pa. Ó wá ku ọlọ́pàá pẹ̀lú akoto, ó ku èéfín, ó ku Ulrich tó la ẹnu sílẹ̀, ó ku Fàdílátù tó kúnlẹ̀ láìborí, kò sì sí òkú kankan níwájú rẹ̀.

Eré kọ́ ni lójú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn. Gbogbo wọn ló ti rí ọjọ́ tí ìgboro gbóná. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ tó bá ń sá kọjá níwájú ilé ẹ, ọmọ ẹ ni. Wọn kì í bèèrè orúkọ, wọn kì í bèèrè èdè tó ń sọ. Fàdílátù náà ti fi ọmọkùnrin méjì kan pamọ́ sẹ́yìn korobá rí, ó fún wọn ní gàrí mu, títí dòní kò mọ orúkọ wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá lọ kan géètì ìyá arúgbó náà jẹ́jẹ́. “Dada Afí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní Wálé.” Dada ni wọ́n ń pe ìyá ní Mínà.

“Kò sí ọmọ kankan níbí!” Omi agbada kan fò kọjá lórí géètì, ó bà á lórí ṣàà.

“Dada, èmi ni! Ọmọ tó ń tún alùpùpù ṣe ní ìkóríta ni!”

“Ìwọ! O ti wá di ọlọ́pàá, o tún ń lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ?” Omi kejì tún bọ́.

Fàdílátù ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ẹ̀rín gba imú jáde, ó gba ẹnu, ó bì í ṣubú sójú títì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú, omijé sì ń bọ́, èjí rẹ̀ hàn gbangba sí oòrùn. Kámẹ́rà ṣì ń yà á, nítorí kò sẹ́ni tó ní kí ẹni tó dì í mú dúró.

Nígbà tí Dada Afí wá ṣí géètì fún wọn, abẹ́ ibùsùn ni wọ́n bá Wálé. Dada Afí ti kìlọ̀ fún un pé kó má mí. Àwọn yòókù jókòó nínú àgbàlá àwọn ilé tó gbà wọ́n, wọ́n ń jẹun. Fàdílátù fi Mínà ṣàlàyé pé klíìpù ni. Dada Afí pòṣé. “Klíìpù? Orí yín mà dàrú o! Ẹ jẹun tán kẹ́ ẹ tó lọ.”

Ulrich káwọ́ lérí. “Oòrùn ti ń lọ, kò sì sẹ́ni tó kú nínú klíìpù mi!”

“Ṣé o fẹ́ kí wọ́n kú ni?” Dada Afí bi í.

Rachelle ti lọ wo ohun tó wà nínú kámẹ́rà. Ó sọ fún Ulrich pé, “Má fọwọ́ kàn án. Bó ṣe wà yẹn ni mo fẹ́ ẹ.”

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n gbé e jáde, géètì, omi, ẹ̀rín àti gbogbo rẹ̀. Lomé gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Báyìí, kò sí ẹni tó ń ya orin ìbínú tí kì í fi obìnrin tó ń ṣílẹ̀kùn sí i. Wọ́n lọ bẹ Dada Afí pé kó wá máa ṣe é. Ó ní òun kì í ṣe òṣèré, bí wọ́n bá fẹ́ kí òun ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n sáré gba iwájú ilé òun.

Ó kù díẹ̀ kí oṣù parí nígbà tí fóònù Fàdílátù dún lórí korobá. Dada Afí wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìsọ̀, ó ti di ọ̀rẹ́, kì í ti ọjà dé kó má yà.

“Fàdíla, mo ti rí i.”

“Kí lẹ rí, Ìyá?”

“Mo rí ìwọ tí ò ń yí nílẹ̀, tí ò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni orí rẹ̀ dàrú. Mo sì rí arúgbó tó fa ọmọ rẹ wọlé. Ta ni?”

“Dada Afí ni. Ó jókòó tì mí níbí.”

“Gbé fóònù fún un.”

“Ìyá, kò gbọ́ Yorùbá o.”

“Ṣé mo ní kó gbọ́ ni? Gbé e fún un.”

Ó gbé e fún un. Ohùn màmá jáde láti Ògbómọ̀ṣọ́: “Ìyá, ẹ ṣeun o. Ẹ ṣeun tí ẹ ṣílẹ̀kùn fún ọmọ ọmọ mi. Ọlọ́run ò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yin náà.” Dada Afí ń mi orí, ó ń ní “Yoo, yoo,” ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi Mínà ròyìn bó ṣe rá ọmọ náà mú lọ́rùn aṣọ. Màmá ń ní “Hẹ̀n-ẹn, ẹ ṣeun.” Kò sí èyí tó gbọ́ èdè èkejì, wọ́n sì sọ̀rọ̀ pẹ́.

Nígbà tí fóònù padà dé ọwọ́ Fàdílátù, màmá ní, “Mo ti ní kí Sàkáríyà jókòó sílé. Kí ló fẹ́ wá ṣe? O lẹ́ni níbẹ̀.”

Fàdílátù ò sọ fún un pé òun ò bímọ ọkùnrin. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, ó fi gèlè bojú láàárín àwọn korobá rẹ̀, kámẹ́rà kankan ò sí níbẹ̀.

Dada Afí wò ó sókè sódò, ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀.

“Ta ló tún kú?”