Láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà Nítorí Ọ̀rọ̀ Yúróòpù

Ìdájí ni èmi àti olùkọ́ wa, Ìyáàfin Ọmọ́táyọ̀, gbéra ní Ìkàrẹ́. Àríyànjiyàn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ni à ń lọ ṣe ní Ọ̀kà, èmi sì ni agbẹnusọ wa. Ohun tí mo fẹ́ gbè lẹ́yìn ni pé ó tọ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní ilé aṣòfin kan tí gbogbo wọn jọ ń dìbò yàn. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti bi mí lálẹ́ àná pé, "Ta ni yóò jẹ́ kí àlejò bá òun ṣòfin ilé òun?" Mo ń ro ìbéèrè náà títí oorun fi gbé mi lọ. Ẹ̀rù ń bà mí kí àwọn onídàájọ́ má lọ bi mí bẹ́ẹ̀.

A jẹ àkàrà gbígbóná ní ibùdókọ̀, a sì wọ bọ́ọ̀sì kékeré kan. Ọ̀nà náà ń gun òkè láàárín àwọn àpáta. Kò pẹ́ tí a fi bá ọkọ̀ akẹ́rù kan tó dábùú ọ̀nà. Táyà rẹ̀ kan ti rì sínú gọ́tà, iṣu sì kún inú rẹ̀. Ìyá tó ni iṣu, ará ìlú Ìkún, jókòó sẹ́bàá ọ̀nà.

"Ẹ jẹ́ ká já iṣu yìí sílẹ̀, ká ti ọkọ̀," ni awakọ̀ wa wí.

"Iṣu bàbá ta ni?" ni ìyá náà dáhùn. "Mẹkáníìkì ń bọ̀. Ẹni tó bá ń kánjú, kó fò kọjá!"

"Màmá, ṣé ẹyẹ la jẹ́ ni?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí oòrùn ti ń ga.

Bàbá àgbà kan nínú àwọn èrò, ará ìlú Ìpè, wá sọ ohun tí a máa ń ṣe ní Àkókó nígbà tí ará ìlú púpọ̀ tí èdè wọn yàtọ̀ bá pàdé: kí ìlú kọ̀ọ̀kan sọ tirẹ̀ ní èdè rẹ̀, kí ẹni tó gbọ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ìyá náà sọ tirẹ̀ ní èdè Ìkún, ìgbà tí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ la tó mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Bí wọ́n bá ń ju iṣu, yóò bó lára, kò sì ní pẹ́ jẹrà.

"Ìwọ lo ni iṣu," ni bàbá Ìpè wí, "gbogbo wa la ni ọ̀nà. A kò ní jù ú. Ọwọ́ dé ọwọ́ la ó fi gbé e."

Ìyá náà gbà. A tò, a gbé iṣu kalẹ̀ jẹ́jẹ́, a ti ọkọ̀ náà títí ó fi jáde, a sì tún kó iṣu padà sínú rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló kán. Ìyá náà nà án sí mi: "Gbà, akẹ́kọ̀ọ́. Kí ìyá rẹ gún un."

A dé Ọ̀kà bí wọ́n ti ń pe orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àfi bí ẹni pé bàbá mi ló rán onídàájọ́ kan sí mi, ìbéèrè bàbá mi gan-an ló bi mí! Mo dáhùn pé bí orílẹ̀-èdè kan bá da ẹ̀gbin sínú odò tó ń ṣàn lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò náà kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ odò yẹn mọ́. Ẹni tí ìpinnu bá máa kàn, ó yẹ kó ní ohùn níbẹ̀, ní èdè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ ti onílé pẹ̀lú. Onídàájọ́ náà mi orí pé òun gbà. Ipò kejì la gbà, ara sì tù mí débi pé mo sùn nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ìkàrẹ́.

Ìyá mi gún iṣu náà lálẹ́. Bàbá mi bu òkèlè, ó ní, "Iṣu yìí dára. Ti ta ni?"

"Ti ìyá Ìkún kan ni, bàbá," ni mo wí, "ṣùgbọ́n gbogbo wa la jọ gbé e."