Kásẹ́ẹ̀tì Fada Aurélien

Adéoyè ò tíì bọ́jú tán láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn tó fi purọ́. Irọ́ náà ò ju gbólóhùn méjì lọ, ṣùgbọ́n ìdààmú tó kó bá a, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi gbé e kiri.

Jacques ló pè é lórí fóònù. Wọ́n jọ kàwé ni, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn mọ́ńkì Bẹnẹdíìkì tó wà lórí òkè, ìrìn wákàtí márùn-ún sí Douala, níbi tí àwọn ọmọ ti ń sùn tí wọ́n ti ń jí. Jacques ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ kan ní èbúté báyìí, ilé rẹ̀ wà ní Bonapriso. Adéoyè ní tirẹ̀ ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Kotto. Wọn kì í sábà rí ara wọn, nítorí náà nígbà tí orúkọ Jacques yọ lójú fóònù, Adéoyè ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀.

"Mon frère, ọ̀dọ̀ rẹ ni kásẹ́ẹ̀tì Tonton wà, àbí?"

Tonton tó ń wí ni Fada Aurélien, àbúrò ìyá rẹ̀, tó kọ́ àwọn méjèèjì ní físíìsì àti orin, tó sì kú ní oṣù méjì sẹ́yìn.

"Kí ló dé?"

"Maman ni. Dókítà ti ní ká máa gbé e bọ̀ nílé. Ojú rẹ̀ ti lọ pátápátá, fọ́tò ò wúlò fún un mọ́. Ohùn àbúrò rẹ̀ ló ń béèrè láti àná. O ṣáà mọ Tonton, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ohùn òun sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ló wà láyé. Wọ́n ní Maman lè má rí ọjọ́ Àìkú."

"Ó ti bàjẹ́," ni Adéoyè wí. "Ó ti pẹ́ tó ti bàjẹ́."

Kò mọ̀ bóyá ó bàjẹ́ o. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ṣí agolo mílíìkì tó fi í sí gbẹ̀yìn. Jacques dúpẹ́, ó sì pa fóònù. Bùsọ́lá, ìyàwó Adéoyè, tó ń ká aṣọ lẹ́yìn rẹ̀, gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kàn ń ká aṣọ rẹ̀ lọ, èyí tó burú ju kó bá a jà lọ.

Kẹ́ ẹ tó bá Adéoyè wí, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà.

Juliana lorúkọ ìyá Adéoyè, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Àlùbọ́sà ló ń tà lápò lápò ní ọjà Sandaga ní Douala. Nígbà tó sọ fáwọn ọmọ ìlú rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn mọ́ńkì lòun fẹ́ fi ọmọ òun sí, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. "Ọ̀bọ kẹ̀, Ìyá Adéoyè? Ṣé ọ̀bọ ló máa kọ́ ọmọ níwèé?" Ó ní kí wọ́n máa rín in lọ. Ó ti débẹ̀, ó ti fojú ara rẹ̀ rí i: àwọn ọkùnrin Àgùdà tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn ò ní láya, tí wọ́n jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń gbàdúrà lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, tí wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn roko. Ó ní ẹni tó bá lè roko tó sì lè gbàdúrà, á lè tọ́ ọmọ.

Fada Aurélien wà lára wọn, èèyàn kúkurú, elétí ńlá. Irin kékeré ẹlẹ́nu méjì kan wà lápò aṣọ dúdú rẹ̀, tó máa ń gbá mọ́ orúnkún, tó máa ń gbé sétí láti fi mú ohùn orin. Gbogbo tíṣà ibẹ̀ ló ń pe orúkọ Adéoyè bí ẹni ń pe orúkọ òògùn. "Adéoyé! Adéoyé!" Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti ń dáhùn, ó tiẹ̀ ti ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó rò pé bí Faransé ṣe ní kó jẹ́ nìyẹn. Fada Aurélien nìkan ni kò gbà. Ó ní orúkọ tí èèyàn ò bá gbọ́ lẹ́nu ìyá ọmọ, èèyàn ò tíì gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ tí àwọn òbí wá kí ọmọ, ó gbé rẹ́kọ́dà ilé ẹ̀kọ́ sórí tábìlì, ó ní kí Juliana pe ọmọ rẹ̀ bó ṣe máa ń pè é nílé. Juliana kọ́kọ́ bá Fada sọ̀rọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó pe ọmọ náà. Lọ́jọ́ Ajé, Fada kọ ọ́ sójú pátákó: re, mí, re, dò. Kíláàsì rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n kọ ọ́ lórin, láti ọjọ́ yẹn kò sí ọmọ kan tó ṣì í pè mọ́.

Nígbà tí Juliana kú, Adéoyè jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún. Fada wọ bọ́ọ̀sì wá kí i, ó sì fi kásẹ́ẹ̀tì náà lé e lọ́wọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni Fada ti ń kọ́ kíláàsì lórin, ìparí rẹ̀ ni ohùn ìyá Adéoyè wà. Kò sí ibòmíì tí ohùn obìnrin náà kù sí lórí ilẹ̀ ayé yìí. Adéoyè fi í sẹ́nu rédíò lẹ́ẹ̀kan, kò lè gbọ́ ọ dé ìdajì, ó yí i lọ dé òpin, ó yọ ọ́, ó sì fi í pamọ́. Ẹni tó ń tún ohun tó bàjẹ́ ṣe jẹun mọ̀ dájú pé téèpù tó ti gbó bẹ́ẹ̀ lè má ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ kó tó já. Ó fẹ́ kí ẹ̀ẹ̀kan yẹn jẹ́ tòun. Mo mọ̀ pé ìmọtara-ẹni-nìkan ni. Òun náà mọ̀.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà ni òfin kan tí Fada fi kọ́ wọn: ẹni tó bá fọ́ àwo, tó ba irinṣẹ́ jẹ́, tàbí tó ṣi orin kọ, kó jáde síwájú, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó bi í. Tó bá ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Adéoyè wà nídìí tẹlifíṣọ̀n oníbàárà kan, ó ń tú súkúrúù, ó ń dé e padà, kò mọ ohun tó ń ṣe.

Nígbà tó di ọ̀sán, fóònù tún dún. Ohùn arúgbó ló wà níbẹ̀, ó fẹ́lẹ́, ó ń mí sókè.

"Christine ni, ìyá Jacques. Ṣé ìwọ ni…" Orúkọ náà ò wá sí i lẹ́nu. Ó wá kùn ún lábẹ́ imú: re, mí, re, dò. "Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni mo gbàgbé. Tí àbúrò mi bá wálé fún ìsinmi, á máa kọ orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fún mi bí mo ṣe ń dáná. Tìrẹ ló dùn jù. Jacques sọ fún mi pé nǹkan yẹn ti bàjẹ́. Má bọkàn jẹ́, ọmọ mi. Mo kàn ní kí n kí ọ ni."

Adéoyè gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Mama, irọ́ ni mo pa. N ò tiẹ̀ wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di ọ̀túnla."

"Ọ̀túnla," ni arúgbó náà wí. "Màá gbìyànjú."

Nígbà tí Adéoyè délé, Bùsọ́lá ló gun àga mú agolo mílíìkì náà wálẹ̀. Adéoyè tú kásẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e síwájú fèrèsé, ó sì jókòó pẹ̀lẹ́. Ọ̀rinrin Douala ti ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Téèpù náà ti bu. Èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún mọ́ díẹ̀, ó ń dán, ṣùgbọ́n ìpele tó wà lóde ti lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n ti gan bí pákó. Òde sì ni ìparí téèpù wà. Fada wà nínú, ìyá rẹ̀ wà lóde.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló fi wà nídìí rẹ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó fi ẹmú kékeré mú etí téèpù náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i díẹ̀díẹ̀ lórí ooru gílóòbù. Ó ṣí tó ìka kan. Ó ṣí tó ìka méjì. Nígbà tó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó rí i pé ó ti mọ́ gaara bíi nọ́ọ̀lọ́nù, ìyẹ̀fun pupa ṣẹ́kù sórí bébà tó tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ohùn ìyá rẹ̀ ni ìyẹ̀fun yẹn. Ó gbọ́wọ́ kúrò kíákíá.

Ó mọ ohun tó lè ṣe sí i. Ó ti ṣe é fún ajíhìnrere kan rí: kéèyàn fi í sínú ooru kékeré fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó má fọwọ́ kàn án, á tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, gbogbo rẹ̀ á yè, Fada àti ìyá rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kó fi abẹ gé èyí tó gan náà kúrò, bí ìgbà tí wọ́n bá ń gé òrùka kúrò níka tó wú. Èyí tó wà nínú á bọ́. Èyí tó wà lóde á di ègé wẹ́wẹ́, àtúnṣe ò ní sí fún un mọ́.

"Bàbá Kíkí," ni Bùsọ́lá wí láti ẹnu ọ̀nà, "ẹ sọ fún wọn pé ó di ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n á gbọ́ yín."

"Arúgbó yẹn ò ní ọ̀sẹ̀ méjì."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, n ò ní bá yín jà."

Jacques tún pè ní aago mẹ́rin. Adéoyè ò gbé e. Ó mọ̀ pé Jacques fẹ́ béèrè bóyá kásẹ́ẹ̀tì náà á ṣiṣẹ́, ó sì bẹ̀rù pé òun tún lè ní rárá. Ó pàpà mú abẹ. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ máà bínú," ó gé e.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, òjò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, gbogbo ọ̀nà dí. Takisí kankan ò gbà láti lọ. Òun àti Bùsọ́lá wọ ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní bendskin, àwọn méjèèjì lórí ẹyọ kan, rẹ́kọ́dà nínú nọ́ọ̀lọ́nù láàárín wọn, ó dì í mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ní Bonapriso, níbi tẹ́nikẹ́ni kì í fẹsẹ̀ rìn, ọlọ́dẹ ẹnu géètì wò wọ́n tìfura-tìfura, omi ń kán lára wọn, kó tó ṣílẹ̀kùn.

Mama Christine wà lórí ibùsùn, kò tóbi ju ọmọdé lọ mọ́. Ó ń mí, á dúró, á tún mí. Adéoyè kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó to rẹ́kọ́dà sẹ́bàá irọ̀rí, ó fi fóònù Bùsọ́lá tì í láti gba ohùn náà sílẹ̀. Kò tíì dán an wò. Kò lè dán an wò.

"Ẹ má sọ̀rọ̀ o," ló wí fún wọn, ó tẹ̀ ẹ́.

Ó ké kíí. Ó dákẹ́. Jacques bo ojú. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan là jáde, ó ha díẹ̀, ó sì ń yára: "Non, non, non! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ṣé orin lẹ̀ ń kọ ni àbí ẹ̀ ń ta ẹja?" Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín nínú rẹ́kọ́dà.

Mama Christine ṣí ojú tí kò ríran. Ó dá a lóhùn ní èdè abúlé wọn. Fada ń kọ́ àwọn ọmọ lórin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fèsì, ó ń bá a wí, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ló lò. Kò sí ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀ tí Adéoyè ò fi ojú sórí téèpù náà, bí ẹni pé òun ló ń fi ojú yí i.

Fada wá ní, "Madame, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ sọ̀rọ̀ síbí." Obìnrin kan wúkọ́. Ó ní, "Fada, a beg…"

Téèpù tán.

Adéoyè ò mọ̀ pé ohùn ìyá òun ṣẹ́kù bíńtín sórí téèpù náà. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ síbẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ni Mama Christine béèrè. "Kí ló ń bẹ̀ ẹ́ fún?"

"Ìyá mi ni, Mama." Ó na ọwọ́ sí rẹ́kọ́dà, ó pa á. "Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé bí mo bá ń sunkún, kí wọ́n má sọ fún òun. Ó ní bí òun bá gbọ́, òun á wá mú mi lọ sílé ni, n ò sì ní kàwé mọ́. Mo sọ fún un pé èmi kì í sunkún."

Arúgbó náà mí, ó dúró, ó tún mí.

"Àbúrò mi ò sọ fún un," ló wí. "Èmi ló sọ fún. Ó ní ọmọ kan wà tó máa ń lọ sunkún sẹ́yìn ilé ìdáná lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní òun á lọ jókòó sí ìkọ̀rọ̀ kejì, òun á máa pa ẹ̀pà, kí ọmọ náà má bàa dá wà."

Odidi tẹ́ẹ̀mù kan ni. Adéoyè máa ń gbọ́ ìró ẹ̀pà yẹn lójoojúmọ́, inú a sì máa bí i pé Fada alájẹkì yìí ò jẹ́ kí èèyàn ráyè sunkún. Láti ọdún márùndínlógójì wá, ó rò pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

"Ṣé ìwọ ni ọmọ náà?"

"Èmi ni, Mama," ló wí, ó sì bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Jacques dìde, ó ṣẹ́jú sí Bùsọ́lá pé káwọn bọ́ síta, kí wọ́n fún un láyè. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ìró àga. Ó ní kí wọ́n padà wá jókòó, kí ẹnikẹ́ni má fi ọmọ náà sílẹ̀.