Màmá Ní Kí O Wá

Ọ̀rọ̀ tó tú ilé mi ká kò ju gbólóhùn kan lọ: "Màmá ní kí o wá."

Bọ̀ọ̀dá mi ló sọ ọ́ fún mi lórí fóònù láti ilé wa ní Iléṣà, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń múra ibi iṣẹ́ ní ìlú òyìnbó. Àwa méjì péré ni màmá wa bí. Àbẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà, ni bọ̀ọ̀dá mi ti ń ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní, "Màmá ní kí o wá. Ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ le."

Mo ní, "Ẹ fún wọn ní fóònù."

Wọ́n ní, "Wọ́n ń sùn."

Ọmọ Yorùbá wo ni kò ní mọ ohun tí mo gbọ́? A kì í túfọ̀ fún ọmọ lórí fóònù. Nígbà tí bàbá wa kú, ilé ìwé ni mo wà ní Ìbàdàn, ohun kan náà ni wọ́n wí fún mi: bàbá ní kí o wá, ara wọn ò le, wọ́n ń sùn. Mo ra ọsàn dání fún aláìsàn. Nígbà tí mo dé Iléṣà, mo bá àga àti kánópì níwájú ilé, èèyàn kún ibẹ̀. Mo gbá ọsàn yẹn mọ́ àyà títí ẹnìkan fi wá gbà á lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbọ́ èdè yẹn.

Nítorí náà n ò bèèrè. Ta ní ń bèèrè pé, "Ṣé wọ́n ti kú ni?" Mo kàn ní, "Mò ń bọ̀," mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíṣìnnì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí wàhálà wà. Nọ́ọ̀sì ni mí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ló gbà mí síṣẹ́ lọ́hùn-ún. Físà iṣẹ́ mi ni ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjì rọ̀ mọ́. Bí tèmi bá já, gbogbo wa la já. Físà ọ̀hún ti tán. A ti kọ̀wé pé kí wọ́n fi ọdún kún un fún wa, a ń retí èsì, ìwé tí a kọ yẹn nìkan ló sì mú wa dúró sí ìlú wọn. Lọ́yà tó bá wa ṣe é kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bí mo bá fi lè jáde kúrò nílùú kí èsì tó dé, wọ́n á kà á sí pé mo ti gba ìwé mi padà, n ò sì ní lè wọlé mọ́. Mo ní mo ti gbọ́.

N ò sọ èyíkéyìí nínú ẹ̀ fún àwọn ará ilé. Ohun tí kò tíì bọ́ sí i, a kì í pariwo ẹ̀, ayé le. Bí bọ̀ọ̀dá mi bá bèèrè pé, "Ìwé yín ńkọ́?" màá ní, "A dúpẹ́." Bí màmá bá bèèrè, "A dúpẹ́." Mo gbọ́n tán lójú ara mi.

Ọkọ mi ní kí n má lọ. Ẹgbẹ́ ni wá, a jọ kàwé ni, kì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún mi. Ó ní, "Àwọn tó wà nílé á sin wọ́n. Ro ti àwọn ọmọ." Mo ní ìyá tiẹ̀ ló yẹ kó kú, ká wá wo ohun tó máa ṣe. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, mo mọ̀, n ò sì tíì tọrọ àforíjì títí di òní. Ìyá oníyàá ni mò ń wẹ̀ láràárọ̀ lọ́hùn-ún, tí mò ń pa ìpara sí lẹ́sẹ̀. Kí ẹlòmíì wá wẹ ìyá tèmi nígbà tí mo wà láyé? Kò lè ṣeé ṣe.

Mo pe àwọn ọmọ, mo ní mo fẹ́ lọ rí màmá àgbà, wọ́n ń sùn. Èyí àgbà nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wò mí dáadáa. Ó ní, "Wọn ò ní jí mọ́?"

Mo ní, "Wọn ò ní jí mọ́."

Mo ra léèsì funfun, mo ra ìbọ̀wọ́ funfun àti ìbọ̀sẹ̀ funfun, ohun tí a máa fi tẹ́ wọn kí àwọn èèyàn tó wá wò wọ́n. Nígbà tí mo dé Èkó, mo wọkọ̀ tó ń lọ sí Iléṣà. Nígbà tí a dé Òṣú, tí Iléṣà kù díẹ̀, mo yọ yẹtí mi, mo fi gèlè dúdú wé orí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí n má baà sun ún tán nílé lójú ọ̀pọ̀ èèyàn.

Kò sí kánópì. Kò sí àga kankan. Mo ní, áà, wọ́n ti gbé wọn lọ sí mọ́ṣúárì nìyẹn. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọ ẹ̀yìnkùlé, mo ti lanu láti ké. Màmá mi jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀ kan tí wọ́n fi báńdéèjì wé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

Wọ́n gbójú sókè. Wọ́n ní, "Mo sọ fún wọn pé o máa wá. O ti dé ulé." Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, ulé ni ilé lẹ́nu wọn.

Màá sọ òótọ́, bó tiẹ̀ ń tì mí lójú. Kì í ṣe ayọ̀ ló kọ́kọ́ wọ inú mi. Mo wo ìyá tó bí mi lọ́mọ, tó ń ju òkúta inú ẹ̀wà dànù, mo ní nínú ọkàn mi pé, kí ló dé tí ẹ ò kú? Ẹ̀yìn náà ni mo wá ṣubú lé wọn lẹ́sẹ̀, mò ń ké bí ọmọdé. Wọ́n rò pé àárò wọn ló sọ mí tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n ní àwọn ṣubú níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni, ọkàn àwọn wá fà sí mi, ni àwọn bá ní kí wọ́n pè mí.

Kí n tó sinmi tán, wọ́n ti ń tú báàgì mi láti wo ohun tí mo rà bọ̀. Wọ́n na léèsì náà, wọ́n súre fún mi. Wọ́n wá mú ìbọ̀wọ́ jáde, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kí ni n ó fi ìbọ̀wọ́ ṣe n'Íléṣà?" Ọwọ́ wọn wá kan ìbọ̀sẹ̀. Ẹ̀rín tán lójú wọn. Wọ́n ká gbogbo ẹ̀ pọ̀ wẹ́rẹ́, wọ́n tì í sábẹ́ ìrọ̀rí wọn.

Lọ́jọ́ kejì mo wọkọ̀ lọ bá bọ̀ọ̀dá mi ní Àbẹ̀rẹ̀. Ìta ọ́fíìsì ni mo ti da ọ̀rọ̀ bò wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ń wò wá. Mo ní, "Ẹ ní wọ́n ń sùn."

Wọ́n ní, "Wọ́n ń sùn lóòótọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn ni."

"Ẹ ní ara wọn ò le."

"Ṣé ara ẹni tó ṣubú máa ń le ni? Ohun tí màmá ní kí n wí ni mo wí. Ìwọ ni kò bèèrè."

"Ta ní ń bèèrè?"

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ físà fún wọn. Wọ́n di orí mú, wọ́n jókòó sórí kọnkéré tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé o ò sọ pé ẹ dúpẹ́ ni?"

Kò pẹ́ tí lọ́yà fi kọ ímeèlì sí mi: ìwé mi ti dòfo, ti ọkọ mi àti ti àwọn ọmọ ò sì lè dá dúró. Àfi kí ilé iṣẹ́ mi tún fún mi níwèé tuntun, kí n wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ níhìn-ín. Mo pe ọ̀gá mi. Ó ní ó dun òun gan-an pé mo pàdánù ìyá mi. Mo ní ìyá mi ò kú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé "wọ́n ń sùn" fún òyìnbó? Mo gbìyànjú títí ẹnu mi fi wọ́, bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni mò ń dà bí onírọ́. Ó ní òun á pè mí padà. Kò tíì pè.

Nígbà tó yá, n ò lè gbé ìpè àwọn ọmọ mi mọ́. Kí ni n ó wí? Mo ní kí ọkọ mi máa sọ pé ó rẹ̀ mí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí èmi àti màmá wà ní ẹ̀yìnkùlé, ọkọ mi pè. Ó ní, "Jọ̀ọ́, bá èyí àgbà sọ̀rọ̀. Àná ló bèèrè ẹ, mo ní o ń sùn. Kò tíì jẹun látìgbà náà."

Mo ní kó gbé fóònù síwájú ẹ̀ kó lè rí mi. Ojú ọmọ náà ti wú. Mo ní, "Mọ́mì rèé. Wò mí, mo wà láàyè." Mo yí fóònù sí màmá mi. "Wo màmá àgbà. Àwọn náà wà láàyè. Wọ́n ti jí."

Ó wò wá títí, ó wo ọ̀dọ̀ màmá, ó tún wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ẹ ó wá máa bọ̀ lọ́la nìyẹn?"

Màmá mi gbé àtẹ ẹ̀wà kúrò lórí ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí ìbọ̀sẹ̀ yẹn, wọn ò tíì bi mí ní ìbéèrè kankan. Wọ́n wò mí lójú. Wọ́n ní, "Dá ọmọ ẹ lóhùn."

Mo la ẹnu mi. Mo ní, "A dúpẹ́."