Méje Tí Ọ̀rẹ́ Mi Sọ Di Mẹ́jọ

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì ní bò ó. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tútù, kó yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Tèmi gbóná. Ṣùgbọ́n n ó rọra sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí a bá fi ìkánjú sọ, ìdajì rẹ̀ ló máa ń já bọ́ sọ́nà.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìkàrẹ́, lókè àwọn tó ń ta táyà. À ń ṣe ojú-ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún iléèwé, fún ìjọ, fún ẹni tó bá ṣáà fẹ́. Kóòdù la fi ń kọ ọ́, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́, PHP sì ni èdè tí a ń lò jù. Mo ti kọjá ogójì ọdún kí n tó kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìjálá, lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n, àsọtúnsọ, títí tó fi wọ̀ mí lára.

Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́, kò sí èyí tó ń bí mi nínú tó ọjọ́ àti àkókò. Èdè kejì kan tún wà tí a máa ń lò mọ́ PHP, òfo ló ń pe oṣù àkọ́kọ́ nínú ọdún. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni òfo, oṣù Èrèlé ni oókan. Tó bá wá kan ọjọ́ inú oṣù, á tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan bí ọmọ gidi. Àgbẹ̀ wo ló dúró sórí ebè àkọ́kọ́ tó ní òfo nìyí? Ìyá wo ló na ọwọ́ sí àkọ́bí rẹ̀ tó pè é ní òfo?

Àwa ní tiwa, ibi tí a dúró sí la ti ń kà. Òní wà nínú òǹkà. Bí mo bá sọ fún ìyá mi pé ọ̀túnla ni n ó wá sí Ọ̀kà, á ní, "Ọjọ́ kẹta òní nìyẹn." Òní, ọ̀la, ọ̀túnla. Ọjà tí à ń pè ní ọjọ́ márùn-ún, ẹ fún kọ̀ǹpútà kà, mẹ́rin ni yóò pè é. Ọmọ tí a bá bí ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, ọjọ́ yẹn la ó sì sọ ọ́ lórúkọ. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá fún un ní ọjọ́ ìbí tí o ní kó fi mẹ́jọ kún un, Ìṣẹ́gun ni yóò gbé wá fún ọ. Méje la gbọ́dọ̀ ní kó fi kún un, kó tó lè bá wa pàdé ní ọjọ́ kẹjọ.

Ìjọ wa ló gbé iṣẹ́ náà wá. Wọ́n fẹ́ ojú-ewé tí òbí lè kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sí, kí ó mú ọjọ́ ìsọmọlórúkọ fúnra rẹ̀, kí ó fi gbọ̀ngàn ìjọ pamọ́ fún wọn, kí ó sì sọ fún pásítọ̀. Èmi ni mo kọ apá ti ọjọ́. Mo fi àlàyé kan sókè rẹ̀ fún ẹni tó bá máa kà á lẹ́yìn mi: "Ọjọ́ kẹjọ ni ìsọmọlórúkọ." Lábẹ́ rẹ̀, mo ní kí ó fi ọjọ́ méje kún ọjọ́ ìbí. Ó ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ gba orúkọ lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó ráhùn.

Nígbà tó yá, ìyàwó ọmọ mi bímọ níbí ní Ìkàrẹ́, lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún wa. Nínú ẹbí tiwa ní Ọ̀kà, àgbà tó dàgbà jù ló ń kọ́kọ́ fi ẹnu rẹ̀ pe orúkọ ọmọ, ní ọjọ́ kẹjọ, kí oòrùn tó mú. Bí ọjọ́ kẹjọ bá kọjá, ẹ̀tọ́ náà ti bọ́ lọ́wọ́ àgbà nìyẹn. Àwọn òbí ni yóò sọ ọmọ wọn lórúkọ fúnra wọn. Ìyá mi ni àgbà wa báyìí. Èkó ni wọ́n bí àwọn ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀ yòókù sí, òmíràn ní òkè òkun, orí fóònù ló ti ń gbọ́ orúkọ wọn lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí. Eléyìí nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo pè é pé ọmọ ti dé, ó ní, "Mo ti ní orúkọ lẹ́nu. Ẹ má jẹ́ kó kú sí mi lẹ́nu o."

Ọmọ mi ló kọ ọjọ́ ìbí sí ojú-ewé náà. Iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ni; n kò wulẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nínú ìsìn, wọ́n ka ìfilọ̀. Wọ́n ní ìsọmọlórúkọ ọmọ wa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo rò pé ẹnu akọ̀wé ìjọ ló ṣì í. Bí ìsìn ti parí, mo lọ bá a.

"Ọ̀la ni o, bàbá. Ọjọ́ Ajé."

Ó wo fóònù rẹ̀. "Ìṣẹ́gun ló wà níbí."

"A bí i ní ọjọ́ Ajé. Ìgbà wo ni ọjọ́ kẹjọ Ajé di Ìṣẹ́gun?"

"Ẹ̀rọ ló mú un, èmi kọ́. Ẹ̀yin lẹ sì ṣe ẹ̀rọ." Ó rẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ̀rọ yín ti gbàgbé ìlú tí wọ́n bí i?"

"Ẹ ṣáà bá mi yí i padà sí ọ̀la."

"Ẹgbẹ́ kan ti gba gbọ̀ngàn lọ́la láti àárọ̀. Wọ́n rí i pé ó ṣófo, wọ́n sì mú un. Pásítọ̀ náà ń lọ sin òkú ní Ìfira. Ẹ mú sùúrù, ọjọ́ kan péré ni."

Ọjọ́ kan péré! Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí n má baà sọ ohun tí kò yẹ sí àgbàlagbà nínú ọgbà ìjọ.

Ilé ọ̀rẹ́ mi ni mo gbà lọ. Iyán ló ń jẹ. N kò jókòó.

"Ta ló fọwọ́ kan ibi ọjọ́ ìsọmọlórúkọ?"

"Èmi ni. Mo tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òkè ní mẹ́jọ, ìsàlẹ̀ ní méje. Mo ní ọwọ́ rẹ ló ṣì í. Ṣó o fẹ́ dúpẹ́ ni?"

Mo wò ó. Ọmọ bíbí Ìkàrẹ́ ni o. Àwọn ọmọ tirẹ̀ náà, ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n sọ wọ́n lórúkọ. Mo wà níbẹ̀, mo jẹ nínú oyin wọn.

"Àkọ́bí rẹ, ọjọ́ wo la bí i?"

"Jímọ̀."

"Ọjọ́ wo la sọ ọ́ lórúkọ?"

"Jímọ̀ ni." Ó gbé òkèlè náà padà sínú àwo. "Yéè."

"Kí ló dé tí o kò pè mí kí o tó yí i?"

"Mo rò pé nǹkan kékeré ni. Wọ́n ṣáà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Ó fẹ́ fi ẹ̀rín bo ojú.

"Má fi òwe fọ́ mi lójú lónìí," ni mo wí. "Ìyá mi lo gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe èmi."

Ìyàwó rẹ̀ jáde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ jókòó jẹun." N kò jókòó. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ọ̀rẹ́ mi mọ̀ ọ́n. Ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ jí i lójú oorun kí ẹ bi í léèrè ọjọ́ kẹjọ ọmọ, kò ní ṣì í. Ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà báyìí, á bọ́ ọgbọ́n ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bíi bàtà.

Mo pe ọmọ mi. Mo ní, "Ọ̀la náà ni."

Ó ní, "Kò sí gbọ̀ngàn, kò sí pásítọ̀, bàbá mi. Àwọn àna ti gbọ́ Ìṣẹ́gun nínú ìjọ. Kí la fẹ́ wí fún wọn?"

"Wí fún wọn pé àgbàlá wa ni. Ẹni tó bá lè dé, kó dé."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wa mọ́tò lọ sí Ọ̀kà kí ìrì tó gbẹ. Ìyá mi ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti wé gèlè. N kò sọ ohunkóhun fún un nípa gbọ̀ngàn àbí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí a dé àgbàlá mi, ìyá ìyàwó ọmọ mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn aládùúgbò díẹ̀. Ìyá mi wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Èrò dà?"

"Wọ́n ń bọ̀, màmá."

"Irọ́ lo pa. Ó wà lójú rẹ." Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ gbé ọmọ wá. Oòrùn kò ní dúró de èrò."

Ó tọ́ oyin àti iyọ̀ sí ọmọ lẹ́nu. Ó gbàdúrà ní èdè ìlú wa, èyí tí ìyàwó ọmọ mi kò gbọ́ ìdajì rẹ̀, síbẹ̀ tó ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó pe orúkọ náà, ẹ̀ẹ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́, létí ọmọ. Ó wá pè é sókè kí àwa yòókù gbọ́. Mo dojú kọ ògiri.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti ọ̀rẹ́ mi wà ní ṣọ́ọ̀bù, a kò bá ara wa sọ̀rọ̀ púpọ̀, nígbà tí pásítọ̀ pè.

"Ẹ dà? Mo wà nínú gbọ̀ngàn. Wọ́n ti to àga, fáànù ń fẹ́. Ọmọ dà?"

"Ẹ má bínú, sà. Ọmọ ti ní orúkọ láti àná."

"Láti àná kẹ̀? Ta ló sọ ọ́?"

"Ẹni tó ni ín láti sọ."

Ó ní kò burú, òun yóò wá súre fún un nílé. Ọ̀rẹ́ mi ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra.

"Jẹ́ kí n dá a padà sí méje," ló wí.

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀," ni mo dá a lóhùn. Mo fa àga mi súnmọ́ ọn, mo gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ ara mi dá a padà.