Gbólóhùn Tí Mo Kọ́ Ọmọ-Ọmọ Mi

Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo búra pé n kò ní kọ ọ̀rọ̀ kankan sójú pátákó mọ́ láéláé. Ọmọ ọlọ́mọ ti lò mí gbó. Àmọ́ nígbà tí ọmọbìnrin mi mú ọmọ rẹ̀ wá láti Èkó fún ọlidé tó kọjá, mo rí i pé ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá rárá. Nílé ìwé wọn, ẹni tó bá sọ ọ́ ni wọ́n ń fìyà jẹ. Bẹ́ẹ̀ ìyá mi, arúgbó tí èmi ń tọ́jú nílé wa ní Òwu, kò gbọ́ òyìnbó.

Ìyá mi pè mí. "Mo fẹ́ kí èmi àti ọmọ yìí jọ sọ̀rọ̀ kí n tó lọ. Ṣebí ìwọ lo kọ́ gbogbo ayé?"

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, tí a bá ti jẹ búrẹ́dì tán, màá pe ọ̀rọ̀ kan, màá fi í ṣe gbólóhùn, ọmọ náà á sì sọ ọ́ tẹ̀lé mi. Ilé: Ilé wa wà ní Òwu. Ìrẹsì: Mo fẹ́ràn ìrẹsì Ọ̀fàdà. Irọ́ gbáà nìyẹn, torí ó ní ìrẹsì náà ń rùn. Kò ní pẹ́ tí yóò fi òyìnbó sọ fún mi pé ó ti rẹ òun. Ó ti rẹ èmi náà. Orókún ń ro mí, inú sì ń bí mi sí ìyá rẹ̀, ẹni tí mo fi Yorùbá tọ́ dàgbà, tó wá fi du ọmọ tirẹ̀.

Nígbà tí ọlidé ń parí lọ, mo mú un wọ yàrá ìyá mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì: "Ilé wa wà ní Òwu. Mo fẹ́ràn ìrẹsì Ọ̀fàdà. Òjò ń rọ̀."

"Òjò kẹ̀?" ni ìyá mi wí. "Ẹ yáa lọ ká aṣọ wọlé o!"

Oòrùn ń ràn yòò níta. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa á lórí, ó ṣàdúrà fún un. Inú mi dùn. Mo fìdí lé etí ibùsùn, mo ní ó parí nìyẹn.

"Ọmọ dáadáa," ni ìyá mi wí, "bá mi bu omi wá, òùngbẹ ń gbẹ mí."

Ọmọ náà wò ó, ó wò mí, ó ronú. Ojú rẹ̀ wá là. "Omi: Mo fi omi wẹ̀!" Ó dúró kí a pàtẹ́wọ́ fún òun.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni ìyá mi sọ. Ó yíjú sí mi, èmi tí mo ti dàgbà tó báyìí. "Dìde, ìwọ lọ bù ú wá. Ìwọ nìkan náà ló kù tí mo lè rán."

Mo di ibùsùn mú, mo dìde. Bí mo ṣe ń bu omi náà ni mo ń rò ó pé èmi ńkọ́, ta ni màá rán?